Wọ́n Kọ́ Mi, Wọn Ò Kọ̀ Mí

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ láti ọ̀nà jínjìn. Kápẹ́ẹ̀tì yàrá mi ń ta mí lórúnkún, nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè ní kí n dìde. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú ìyá mi. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn fóònù, ẹ ní kì í jẹ́ kéèyàn ronú kó tó sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi mú ìwé.

Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò ni wọ́n fún mi, àwọn ọmọ bí ọdún méjìlá. Ilẹ̀ ilé-ìwé náà ń dán débi pé bàtà mi ń ké kwíì, kwíì láti ẹnu ọ̀nà dé kíláàsì. Kò sẹ́ni tí kì í mọ̀ pé mo ti dé. Yàrá àwọn olùkọ́ kún fún àga tí ò bára wọn mu àti ife tíì tí oníkálukú kọ orúkọ sí lára. Èmi ò tíì ní ife. Olùkọ́ eré ìdárayá ló ń yá mi ní tiẹ̀, á sì dúró tì mí títí màá fi mu ún tán.

Bàbá, ẹ jókòó kí n tó sọ èyí. Ṣé ẹ ti jókòó? Níbí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wo olùkọ́. Ẹ má tíì dìde. Wọ́n máa ń yan àwọn ọmọ mélòó kan ti olùkọ́ tuntun. Wọ́n á gbé àga wọn sẹ́yìn kíláàsì, wọn ò ní ṣe ìṣirò kankan lọ́jọ́ náà, olùkọ́ gan-an ni iṣẹ́ wọn. Tí aago bá lù, wọ́n á bá a jókòó, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n rí. Òfin kan ló wà níbẹ̀: ọmọ ò gbọdọ̀ sọ pé olùkọ́ dáa tàbí pé kò dáa. Ohun tó rí nìkan ni kó sọ. Wọ́n ní bí àwọn olùkọ́ ibí ṣe ń kọ́ṣẹ́ sí i nìyẹn, pé ta ló tún lè mọ bí ẹ̀kọ́ ṣe ń wọlé ju ẹni tó ń wọ̀ létí lọ.

Ibi tó ti kàn mí gbọ̀ngbọ̀n nìyí. Wọn ò tíì gbà mí tán. Lẹ́nu ìdánwò ni mo wà títí di ìparí táàmù. Lọ́jọ́ náà, ọ̀gá ilé-ìwé wa á pe àwọn ọmọ yẹn, á bi wọ́n bóyá olùkọ́ yìí ń kọ́ṣẹ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló máa pinnu bóyá mo dúró tàbí mò ń palẹ̀ ẹrù mi mọ́ bọ̀ wálé. Obìnrin gíga kan ni ọ̀gá wa. Kì í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tí nǹkan bá pa á lẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ á máa gbọ̀n.

Nínú àwọn tó ń wò mí, ọmọkùnrin kan wà tí mo ń pè ní Onígíláàsì nínú ọkàn mi. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára mi, ó dà bíi pé mo jẹ ẹ́ ní bisikíìtì. Ọmọbìnrin kan sì wà tí n ò tíì gbóhùn rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti dé. Adákẹ́ ni mo sọ ọ́.

Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀rín sì ń pa mí. Ẹ bá mi kọ díẹ̀ nínú ọgbọ́n iṣẹ́ yín ránṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ṣe ọ̀gá ilé-ìwé títí irun yín fi gba àwọ̀ ṣọ́ọ̀kì. Ẹ sì sọ fún ìyá mi pé súwẹ́tà tó hun fún mi, apá kan gùn ju èkejì lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń wọ̀ ọ́ jáde.

Èmi ọmọ yín,
Sọ̀rọ̀-má-mí
(Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ yìí níbí. Ẹ bò mí láṣìírí.)


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹsàn-án

Sọ̀rọ̀-má-mí ọmọ mi,

Dìde. Lẹ́tà rẹ ló pẹ́ lọ́nà, èmi kọ́. Àlàáfíà ni èmi àti ìyá rẹ wà. Orúnkún mi nìkan ni kò bá wa sí nínú àlàáfíà ọ̀hún.

Mo jókòó bí o ṣe ní. Mo dìde. Mo tún jókòó. Ìyá rẹ ní ṣé eèrà wà lórí àga ni. Kí ni mò ń gbọ́ yìí? Ọmọ ọdún méjìlá jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ó ń wo olùkọ́ láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra àga? Mo kọ́ ẹni tó di dókítà. Mo kọ́ ẹni tó di adájọ́. Mo kọ́ ọ̀kan tó di olè, òun gan-an ṣì máa ń dọ̀bálẹ̀ tó bá rí mi. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó sọ ohun tó rí lára mi fún mi. Èmi ni mo ń sọ ohun tí mo rí lára tiwọn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ọ̀rọ̀ ti tán.

O ní kí n kọ ọgbọ́n iṣẹ́ ránṣẹ́. Gbà á. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni kí o máa dúró sí, kí ẹni tó bá fẹ́ sá má rọ́nà. Má rẹ́rìn-ín títí di táàmù kejì. Tí o bá kọjú sí pátákó, máa sọ pé "mo rí ọ" lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láìwẹ̀yìn. Ẹnì kan ò ní ṣàìmáa ṣe ohun tí kò yẹ, á sì rò pé òun lò ń bá wí. Tí o bá béèrè ìbéèrè tí wọ́n ń wò ọ́ bọ̀ọ̀, dá a lóhùn fúnra rẹ, kí iṣẹ́ máa lọ.

Ní ti àwọn ará ẹ̀yìn kíláàsì yẹn, gbójú mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n rọra gbójú náà o, iṣẹ́ la wá ṣe. Má jẹ́ kí wọ́n lé ọ. Gbogbo àdúgbò ni mo ti sọ fún pé ọmọ mi ń kọ́ àwọn ọmọ òkè òkun ní ìṣirò. Kó má lọ di pé ẹ̀yìnkùlé ni màá máa gbà jáde.

Bàbá rẹ

Èmi ìyá rẹ nìyí, mo já bírò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Apá tó gùn yẹn, ká a sókè. Bàbá rẹ ti ka lẹ́tà rẹ fún onígbàjámọ̀ àti fún gbogbo ẹni tó ń dúró láti fárí. Bó ṣe ń bínú ló ń rẹ́rìn-ín. Jẹun dáadáa.


10/10

Baba mi,

E ku ile. Ero inu yara oluko ni mo fi n te eyi. Ko ni ami ohun ede wa, ko ni ti isale leta, ko ni nnkan kan. Eni to n wa ko leta ti duro senu ona, o n wo aago.

Mo kan ni ki e koko gbo ni. Awon omo eyin kilaasi yen ti ko mi. Won ko mi loju gbogbo eeyan, niwaju patako. Omije bo loju mi. Mi o ri iru re ri lati ojo ti won ti bi mi. N o ko alaye ranse ti owo mi ba dile.

Ati pe, Baba, e pari owe yin: ti agbalagba o wo akeregbe.

Omo yin


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹwàá

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ìyá rẹ ló ń kọ èyí, nínú ilé ìdáná. Bàbá rẹ ò mọ̀.

Pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ gan-an. A rí ìwé rẹ. Wọ́n kọ̀ ọ́! Irú ọmọ wo nìyẹn? Ẹnikẹ́ni ò kọ̀ ọ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ, àfi ọkùnrin kan ṣoṣo yẹn, òun náà ṣì ń kábàámọ̀ títí dòní.

Bàbá rẹ ò fẹnu kan oúnjẹ lọ́jọ́ tó kà á. Ó ń rìn káàkiri pálọ̀, ó ń sọ pé, níwájú pátákó, wọ́n kọ̀ ọ́ níwájú pátákó. Mo ní ṣé ká ní ẹ̀yìn pátákó ni ì bá sàn? Ó ní n ò mọ iṣẹ́ olùkọ́. Bí mo ṣe ń kọ èyí, òun náà wà ní pálọ̀ tó ń kọ nǹkan kan. Ó fi apá bò ó bí ọmọ tí kò fẹ́ kí ẹnì kejì jí ìdáhùn òun wò, ó sì ti wọ bàtà ìjáde. Mo béèrè ohun tó ń kọ. Ó ní ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ ni.

Mo ti gbá yàrá rẹ. Mo ti sá ìbùsùn rẹ sóòrùn. Tí wọ́n bá ní kí o máa lọ, máa bọ̀, má wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n tí wọn ò bá tíì sọ bẹ́ẹ̀, dúró kí o bẹ̀ wọ́n. Tàbí kí o lù wọ́n díẹ̀. Rárá, má lù wọ́n.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹwàá

Sí Ọ̀gá Ilé-ìwé tí ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ọ̀gá ilé-ìwé ṣe ń kí ọ̀gá ilé-ìwé. Ẹ kú wàhálà ọmọ ọlọ́mọ.

Mo lè gbìyànjú kí n kọ ìwé yìí ní èdè yín, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ tí èèyàn ń ṣí ìwé atúmọ̀ èdè kó tó bẹ̀ ẹ́, kì í wọni lára. Ẹ bá mi wá ẹni tó gbọ́ èdè wa kó kà á fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ mi rí i.

Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ yín kọ ọmọ mi níwájú pátákó. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹni tó bá jẹ́ olórí wọn, ẹ bá mi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ọmọ mi kì í ṣe olùkọ́ burúkú. Ó máa ń yára sọ̀rọ̀ ni. Láti kékeré ló ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Sọ̀rọ̀-má-mí. Nígbà yẹn, á to bàtà gbogbo ilé sí ìlà, á máa kọ́ wọn ní ìṣirò. Bàtà mi ọ̀tún ló máa ń nà jù, ó ní kì í fọkàn sí iṣẹ́. Olùkọ́ ni kó tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní olùkọ́.

Tí ẹ bá dá a padà fún mi, màá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ilé bàbá rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò ní dùn. Tí inú rẹ̀ ò bá sì dùn, á máa sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó máa ráyè sùn nínú ilé wa.

Èmi ni, olùkọ́ bíi tiyín, tó ti fẹ̀yìn tì


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá

Bàbá, Bàbá, Bàbá,

N ò kúnlẹ̀ lónìí. Orí àga ni mo wà, mo fọwọ́ bojú. Ẹ kú ilé. Ẹ ní kí ìyá mi kó ìbùsùn kúrò lóòrùn.

Kọ́ ni, Bàbá. KỌ́! Àmì òkè! Wọ́n kọ́ mi, wọn ò kọ̀ mí!

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Onígíláàsì ló sọ fún mi pé gbogbo ìbéèrè tí mo ń bi wọ́n ní kíláàsì, èmi náà ni mo ń dá a lóhùn. Ó ní kí òun tó rí ìdáhùn kí òun tó nawọ́, mo ti wà lórí ìbéèrè mìíì. Mo ní irọ́ ni. Ó ní kí n wá jókòó. Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn (ìmọ̀ràn yín nìyẹn o), ó wá ń kọ́ mi ní ìdá: "Tí mo bá pín búrẹ́dì sí mẹ́rin tí mo jẹ mẹ́ta kí ló kù ìdá kan nínú mẹ́rin ó dáa ìdajì ìyẹn ńkọ́ ta ló mọ̀ ọ́n ìdá kan nínú mẹ́jọ ó dáa ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ohùn mi ni, Bàbá. Bí mo ṣe ń ju ọwọ́ ni. Ó tiẹ̀ ń fi ẹnu ké kwíì tó bá ń rìn. Mo nawọ́ sókè títí apá fi ń ro mí, kò rí mi. Gbogbo kíláàsì ń yí lulẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú mi. Omijé ẹ̀rín ni mo kọ sí yín.

Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti béèrè nǹkan, màá fọwọ́ méjèèjì di tábìlì mú, màá pa ẹnu dé, màá dúró. Ó nira ju ààwẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n fi kọ́ mi nìyẹn.

Lẹ́tà yín wá dé. Ọ̀gá wa mú un wá sí ìpàdé ọjọ́ Ẹtì, níbi tí àwọn olùkọ́ àti àwọn ọmọ tó ń wò wọ́n ti máa ń jókòó pọ̀. Ó ní òun gba ìwé kan tí òun ò lè kà, ẹni tó bá gbọ́ èdè náà kó ran òun lọ́wọ́. Ta ló gbọ́ ọ? Èmi nìkan ni. Bí mo ṣe rí ọwọ́ ìkọ̀wé yín, mo dìde gbà á. Mo sáré kà á sínú títí dé "ẹ má jẹ́ kí ọmọ mi rí i". Mo gbójú sókè, mo ní, "Bàbá mi kí yín."

Onígíláàsì nawọ́. Ó ní òun rí i pé lẹ́tà náà kún ojú ìwé méjèèjì, òun sì rí i pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ ò kún ìlà kan.

Mo ní, "Bàbá mi kí yín gan-an."

Èjìká ọ̀gá wa ti ń gbọ̀n. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo tú gbogbo ẹ̀, látorí kíkí títí dé orí ẹsẹ̀ tí ẹ ní kí wọ́n bá yín dì mú. Onígíláàsì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dé ibi tí mo ti ń na bàtà, olùkọ́ eré ìdárayá ti tu tíì sórí tábìlì. Gbogbo ilé-ìwé ló ń pè mí ní Sọ̀rọ̀-má-mí báyìí. Wọn ò sì mọ̀ ọ́n pè; "Soromami" ni wọ́n ń pè é, bí orúkọ oògùn ikọ́.

Ibi tí ẹ̀rín parí sí nìyí. Ọ̀gá wa pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní lẹ́tà yín wọ òun lára, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọmọ bá sọ gbọ́dọ̀ jẹ́ tiwọn. Ó ní tí wọ́n bá yìn mí báyìí, ta ló máa mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n rí ni wọ́n ń sọ, tàbí àánú bàbá arúgbó kan ló ń ṣe wọ́n? Nítorí náà, ẹni tí kò sí nípàdé lọ́jọ́ náà nìkan ni òun máa gbọ́ tẹnu rẹ̀. Bàbá, ẹnì kan péré ni kò wá. Ọ̀fìnkìn mú un. Adákẹ́ ni.

Iṣẹ́ mi wà lẹ́nu ọmọ tí kì í lanu. Mo fi ìyá tó bí yín bẹ̀ yín, ẹ má kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kìíní, oṣù kejìlá

Ọmọ mi,

Ojú tì mí títí ó fi dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mo pe ìyá rẹ, mo ní kọ́ ni o, kì í ṣe kọ̀. Ó wò mí, ó ní, ẹ̀yin tí ẹ fi àmì ohùn da àwọn ọmọ ọlọ́mọ láàmú. Ó wọ yàrá lọ, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ ní pálọ̀ títí di àsìkò oúnjẹ. Òun náà kọ́ ló ti lọ sọ fún onígbàjámọ̀? Onígbàjámọ̀ fá orí mi dé ìdajì, ó ní kí n máa lọ ná, ọwọ́ òun ń gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n ìwọ lo jẹ̀bi. Ta ní í tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síta ní ìhòhò? Mo kọ́ ọ ní dò-rè-mí kí o tó mọ orúkọ ara rẹ kọ. O sì tún ní kí n parí òwe mi. Mo ti parí rẹ̀, inú mi ò sì dùn sí i.

Ní ti Adákẹ́, má bẹ̀ ẹ́. Má ra nǹkan fún un. N ò ní ìmọ̀ràn mìíì. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní kíláàsì mi náà, n ò kàn rántí ojú wọn ni. Kọ̀wé kíákíá.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kìíní

Ọmọ mi,

Kú ọdún tuntun. Kò sí lẹ́tà. Mò ń lọ sílé ìfìwéránṣẹ́ débi pé akọ̀wé ibẹ̀ ti ń bá mi gbé àga jáde. Ìyá rẹ ní tó bá jẹ́ ayọ̀ ni, ìròyìn rẹ̀ ì bá ti dé. Mo ní tó bá jẹ́ ìbànújẹ́ ni, ìwọ fúnra rẹ ì bá ti dé. Orí ẹ̀ la sùn, orí ẹ̀ la jí. Ohunkóhun tó bá jẹ́, kọ ọ́. Fi àmì sí i.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kìíní

Bàbá mi, ìyá mi,

Mo kúnlẹ̀, mo dìde, mo tún kúnlẹ̀. Wọ́n gbà mí! Mo ti ka gbogbo àmì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gbà mí.

Ẹ má bínú pé ó pẹ́. Ọ̀fìnkìn Adákẹ́ ran ọ̀gá wa, ti ọ̀gá wa ran èmi náà, ọ̀rọ̀ wá di ẹ̀yìn ìsinmi. N ò lè kọ lẹ́tà tí kò ní ìdí nínú.

Lánàá, ọ̀gá wa ní kí n wá jókòó sí igun ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n n ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Èmi, tí ẹ mọ̀. Ó bi Adákẹ́ pé kí ló rí ní kíláàsì mi láti ìgbà tó ti ń wò mí. Adákẹ́ dákẹ́. Ọ̀gá náà dákẹ́. Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Gbogbo ara mi fẹ́ bá ọmọ yẹn dáhùn, mo fi ìdí jókòó lé ọwọ́ mi. Mo ti ń ro bí màá ṣe di ẹrù, èwo ni màá kọ́kọ́ dì.

Ó wá sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kì, kò jọ ohùn ọmọdé. Ó ní, "Tẹ́lẹ̀, wọ́n á ti dáhùn kí n tó tò ó tán lórí mi. Ní báyìí, wọ́n máa ń di tábìlì mú. Mo rí i pé ó ń nira fún wọn. Mo rí i pé wọ́n ń dúró dè mí."

Ọ̀gá bi í bóyá ó ti dáhùn ìbéèrè kankan rí ní kíláàsì mi. Ó ní rárá. Ó tún ronú díẹ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n mo ti ń múra."

Èjìká ọ̀gá wa ò gbọ̀n lọ́tẹ̀ yìí. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní ọ̀fìnkìn ò tíì lọ tán. Ó na ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ sí mi. Bàbá, mo jó gba ọ̀nà tó ń dán yẹn, mo yọ̀, mo fi ìdí jókòó sílẹ̀ gbì, Onígíláàsì sì ń kọjá lọ. Ó ní òun rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n òun ò ní sọ ọ́.

Bí a ṣe ń padà sí kíláàsì, Adákẹ́ bi mí pé ta ló kọ́ mi kí n máa dáhùn ìbéèrè ara mi. Mo ní n ò mọ̀.

Ọmọ yín, olùkọ́


Ọjọ́ kejì, oṣù kejì

Olùkọ́ ọmọ mi,

Ìyá rẹ jó. Èmi náà jó. Orúnkún kọ̀ (àmì ìsàlẹ̀ ni mo fi sí i), mo bá fi apá jó. Onígbàjámọ̀ fá ìdajì orí tó kù fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́ orúkọ Adákẹ́, ìyá rẹ sì ní kí n sọ fún ọ pé òun fẹ́ hun súwẹ́tà fún un. Kìlọ̀ fún ọmọ náà.

Mò ń ka lẹ́tà rẹ lọ, ẹsẹ̀ mi ṣì ń jó lábẹ́ tábìlì, mo wá dé ibi tí o ti ní o ò mọ̀. Mo dúró síbẹ̀.

Ọdún kan gbáko lo fi wà ní kíláàsì mi, ní ìlà kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo ti fọ́nnu fún ọ pé kò sí ọmọ tó sọ ohun tó rí lára mi fún mi rí. Òótọ́ ni. N ò bi wọ́n ni. Wọ́n ti túká báyìí. Ẹ̀rù ẹni tó di dókítà ń bà mí, adájọ́ kò ní ráyè, olè ò sì ní ṣàìparọ́. Ìwọ ni mo mọ ilé rẹ̀.

Kí lo rí? Má sọ pé mo dáa. Má sọ pé n ò dáa. Mo ti jókòó.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, mò ń kọ ọ́, mo sì ń fà á ya.

Mo rí i pé ẹ máa ń ṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì sí méjì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó fi ọ̀kan sápò, ẹ ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ìyá mi ló ń bá a pàdé nínú omi ìfọṣọ. Mo rí i pé ẹ mọ orúkọ gbogbo wa, ẹ mọ orúkọ ìyá wa, ẹ sì mọ ẹni tí kò jẹun wá. Tí ọmọ kan bá ṣi ìṣirò, mo rí i pé ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ máa ń fi orin kọ́ wa ní ìlọ́po méje. Tí mo bá fẹ́ ṣe ìlọ́po méje títí dòní, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mi orí.

Mo tún rí i pé ẹ ò pè mí rí. Mo máa ń nawọ́, Bàbá. Lójoojúmọ́. Ojú yín á dé ibi ọwọ́ mi, á fò ó, á lọ sọ́dọ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Ìyá mi ṣàlàyé fún mi nígbà yẹn pé kí wọ́n má baà ní ọ̀gá ń ṣojúsàájú ọmọ rẹ̀ ni. Ó yé mi, ó ṣì yé mi. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara mi lóhùn lábẹ́ èémí, kíákíá, kí ẹni tí ẹ pè tó dìde. Tí mo bá délé, mò ń to bàtà. Àwọn bàtà, mo máa ń pe gbogbo wọn.

Mi ò fẹ̀sùn kàn yín o. Ẹ ní kí n sọ ohun tí mo rí ni. Ó dùn mí nígbà náà, ó sì dùn mọ́ mi pé ẹ béèrè. Tí ojú yín bá ń ṣomi níbi tí ẹ wà yẹn, ẹ ní ọ̀fìnkìn ni.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo kà á. Mo kà á fún ìyá rẹ, ó ní òun ti ń dúró de ọjọ́ tí màá béèrè. Ọ̀fìnkìn mú mi bí ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti lọ.

Mo ti wọ aṣọ iṣẹ́ mi, èyí tó ní ṣọ́ọ̀kì lápò. Mo dúró ní pálọ̀. Ìyá rẹ jókòó sẹ́yìn, ó ní òun ń wo olùkọ́, òun ò sì ní rẹ́rìn-ín. Ó ti ń rẹ́rìn-ín. Mo ti ní kí kíláàsì dákẹ́.

Ìwọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ. Mo rí ọwọ́ rẹ. Dìde.

Ìgbà wo lò ń bọ̀ wá kí wa?

Má kánjú. N ò ní bá ọ dáhùn. Mo ti di tábìlì mú.

Bàbá rẹ